Báàgì Tí N Kò Lè Fún Ẹnikẹ́ni Gbé

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan máa ń jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí a háyà ní Ìgbògbò. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, bí mo ṣe ń dúró de kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ń jiyàn lórí ohun tí wọ́n ń wò nínú fóònù. Ìbọn ìléwọ́ ni. Èwo ló dára jù fún ẹni tí yóò máa gbé e kiri lójoojúmọ́? Ọ̀kan ní èyí tó ń gba ọta púpọ̀ ni. Èkejì ní èyí tó dúdú tó sì ń dán ni. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní èyí tí òun rí nínú fíìmù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ti fọwọ́ kan ìbọn rí, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni mo fi mọ̀. Inú ń bí mi débi pé nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè sọ ibi tí mò ń lọ fún oníkẹ̀kẹ́.

Kì í ṣe àìmọ̀ wọn ló bí mi nínú. Ohun tó bí mi nínú ni pé báyìí gan-an ni àwọn tó yẹ kó mọ̀ ṣe yan ìbọn tèmi fún mi. Wọ́n wo bó ṣe ń dán. Wọ́n wo bí ọta rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Kò sí ẹni tó bèèrè pé ẹni tí a fẹ́ gbé e fún yìí, ṣé ó máa ń kúnlẹ̀? Irú aṣọ wo ló ń wọ̀? Bó bá dé ilé àna rẹ̀, ta ni yóò gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀?

Iṣẹ́ ọba ni mò ń ṣe, iṣẹ́ tó ń fúnni ní ìbọn. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀ka tiwa kì í wọ yúnífọ́ọ̀mù. Àárín èrò là ń wà, nínú ọjà, ní ibùdókọ̀, ní etí omi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú lọ sí Èkó, a ó máa ṣọ́ àwọn tó ń jí ènìyàn gbé. Aṣọ tí gbogbo obìnrin ń wọ̀ lèmi náà ń wọ̀: ìró àti bùbá, kaba àǹkárá, nígbà mìíràn híjáàbù gígùn, nítorí Mùsùlùmí ni mí. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí mi. Ọkọ mi ni ọmọ Ejìnrìn, létí ọ̀sà, lọ́nà Ẹ̀pẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pín ìbọn fún wa, ọ̀gá tó ń ṣe àkóso yàrá ìbọn gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́. Ó gùn, ó sanra, ó wúwo bí ọmọ ọlọ. Ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé ibi tí wọ́n ti ń fà á. Àfi kí n yí ọwọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí mo bá sì ti yí i, ẹnu ìbọn náà yóò yà síbi tí ojú mi kò sí. Fún bẹ́líìtì ọkùnrin tó wọ yúnífọ́ọ̀mù ni wọ́n ṣe é. Mo rí àwọn kékeré nínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn ọ̀gá yìí, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fúyẹ́, ara wọn jọ̀lọ̀, kò sí ohun tó yọ síta tó lè kọ́ aṣọ. Mo bèèrè ọ̀kan nínú wọn. Ó ní ti àwọn ọ̀gá nìyẹn.

Ẹ gbọ́ mi o. Àwọn tó ń jókòó sí ọ́fíìsì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ẹlòmíràn ń gbé ìbọn ńlá tẹ̀ lé lẹ́yìn bí wọ́n bá jáde, àwọn ni ìbọn kékeré tọ́ sí, torí pé ó wuyì lára wọn. Èmi tí mò ń fún ara mi sáàárín ọjà, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ̀ pé mo gbé nǹkan kan, èmi ni wọ́n gbé ọmọ ọlọ fún. Mo bi í pé ibo ni kí n fi sí lára.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Báàgì ńkọ́, Madam? Ṣebí gbogbo obìnrin ló ń gbé báàgì.”

Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ parí.

Mo gbìyànjú láti má ṣe ohun tó wí. Mo de bẹ́líìtì mọ́ ìdí lábẹ́ ìró, mo fi ìbọn há a. Ìró kò ní ju kókó kan lọ tó dì í mú, ìwúwo ìbọn sì ń fà á wálẹ̀ títí mo fi ń fi ọwọ́ kan di aṣọ mú láàárín ọjà bí ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n. Bí mo bá jókòó sínú kẹ̀kẹ́ láàárín èrò méjì, ẹnu rẹ̀ ń gún mi nítan. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà kan, ìdí rẹ̀ ń gbá mi níhà. Bí mo bá forí kanlẹ̀ lórí ìrun, ó ń tì mí níkùn débi pé ìbọn ni mò ń rò, n kò ro Ọlọ́run. Òógùn ara mi sì bẹ̀rẹ̀ sí mú un dípẹtà. Lẹ́yìn ìbọn náà, irin kékeré kan yọ gọnbu tó máa ń kọ́ léèsì. Mo fa bùbá tuntun kan ya níbi tí mo ti ń kọ́ bí mo ṣe máa yọ ọ́ kíá. Ohun tó ń kọ́ aṣọ nígbà tí mo dá wà nínú yàrá, kí ni yóò ṣe lọ́jọ́ tí olè bá dojú kọ mí?

Mo tún ronú kan àpò tí àwọn oníṣòwò ń so mọ́ ìdí lábẹ́ ìró. Ó gba ìbọn lóòótọ́, àmọ́ kí n tó lè yọ ọ́, àfi kí n tú ìró sílẹ̀ lójú gbogbo ayé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe padà sídìí báàgì.

Ẹni tó ní kí n gbé ìbọn sínú báàgì, ó jọ pé kò tíì ti ìrìnàjò dé rí. Ní ilẹ̀ wa níbí, ta ló ń gbé báàgì ara rẹ̀ wọlé? Kí o tó gbẹ́sẹ̀ lé ẹnu ọ̀nà, “ẹ káàbọ̀” ti jáde, ọwọ́ sì ti wà lórí ẹrù rẹ. Ìyàwó onílé wa ń ṣe é. Àwọn ọmọdébìnrin tó wà níbi àsàlátù ń ṣe é. Àwọn ọlọ́jà níbi tí mo ti ń ṣọ́ èrò ń ṣe é, wọ́n á gba báàgì mi, wọ́n á gbé e sábẹ́ tábìlì wọn kí eruku má baà bà á. Ẹni tí kò bá gba ẹrù lọ́wọ́ àgbà, wọn kò kọ́ ọ nílé nìyẹn. Ẹni tí kò bá fi ẹrù sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbà á, agbéraga ni, tàbí kí ó jẹ́ pé nǹkan wà níbẹ̀. N kò lè fi sílẹ̀. Ìbọn ọba wà nínú rẹ̀, ọta sì wà nínú ìbọn. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn tó ń bá mi ṣeré tẹ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí kí mi láti òkèèrè.

Ìyẹn kéré. Ejìnrìn ló dùn mí.

Nígbà tí mo já ọmọbìnrin mi lẹ́nu ọmú, ìyá ọkọ mi ló gbà á. Iṣẹ́ mi kò ní òru, kò ní ọ̀sán, bàbá rẹ̀ sì ń jáde lọ sí Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́. Àdéhùn wa ni pé bí ọmọ náà bá ti tó ilé ìwé, yóò padà sọ́dọ̀ wa. N kò ní parọ́ mọ́ obìnrin náà, ó tọ́jú ọmọ mi dáadáa. Ẹja ló ń yan, ó ń tà á lọ́jọ́ ọjà, ọmọ mi sì ń jẹ ẹja ju èmi tí mo bí i lọ.

Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo ń ráyè lọ, ọjọ́ Ẹtì sì ni wọ́n máa ń ti yàrá ìbọn pa. N kò lè dá ìbọn padà, n kò sì lè fi í sílẹ̀ nínú yàrá tí ọmọdé lè fẹsẹ̀ ta ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Nítorí náà, a jọ ń lọ ni. A ó wọ bọ́ọ̀sì kòròpè láti Ìkòròdú, a ó gba Ìmọ̀tà kọjá dé Ìtóìkín, a ó gun ọ̀kadà wọ Ejìnrìn, èmi àti ìbọn mi.

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ, àbúrò ọkọ mi obìnrin sáré pàdé mi, ó di okùn báàgì mú. Mo ní kó fi sílẹ̀. Ó rò pé ojú ń tì mí ni, ó fà á. Èmi náà fà á. A ń fa báàgì mọ́ ara wa lọ́wọ́ lójú gbogbo agboolé, bí ẹni tó ń jà sí ẹran iléyá. Nígbà tí mo borí, tí mo gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí pẹpẹ, ó dún gbì.

Ìyá ọkọ mi gbọ́ ọ. Ó bi mí pé kí ló wà níbẹ̀. Mo ní ìwé ọ́fíìsì ni. Ó wo báàgì, ó wò mí. Láti ọjọ́ náà lọ, báàgì yẹn ló ń kọ́kọ́ wò bí mo bá dé, kó tó wo ojú mi. Lẹ́yìn tí mo lọ nígbà kẹta, ara ọmọ gbóná. Ibà ni, bí ibà ṣe ń ṣe gbogbo ọmọ tó ń gbé etí ọ̀sà. Wọ́n so bíbọ̀ mi àti ibà náà pọ̀, ó sì dọ̀rọ̀.

Nígbà tí ọmọ tó ilé ìwé, mo lọ láti mú un wálé. Mo ti ra yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, mo ti ra bàtà. Ìyá ọkọ mi jẹ́ kí n kúnlẹ̀, ó jẹ́ kí n jẹun, ó jẹ́ kí n fọ abọ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, láìpariwo.

“Ìyàwó wa, ọmọ yìí kò ní kúrò níbí títí n ó fi mọ ohun tó wà nínú báàgì yẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.”

Òfin iṣẹ́ wa ni pé a kò gbọdọ̀ sọ fún ará ìta. Bí mo bá tilẹ̀ sọ ọ́ fún òun nìkan, àwọn tó wà ní ilé kejì yóò gbọ́, tó bá di ọjọ́ ọjà, gbogbo etí ọ̀sà yóò mọ̀ pé ìyàwó báyìí ń gbé ìbọn wá láti Ìkòròdú. Ọ̀nà ọ̀kadà yẹn, igbó ló gbà kọjá. Mo dìde, mo gbé báàgì mi, mo sì lọ láìmú ọmọ mi dání.

Mo bá ọkọ mi jà. Mo ní kí ó lọ mú ọmọ rẹ̀ wá. Ó ní òun kò lè bá ìyá òun fa ọmọ, pé kí n ṣáà fi inú báàgì hàn wọ́n kó tán. Mo bi í bóyá ó fẹ́ kí n máa gbé orí mi lé ọwọ́ olọ́kadà. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ dáadáa, ọkùnrin yẹn. Ó ń sunkún ọmọ nínú yàrá, tó bá dé iwájú ìyá rẹ̀, yóò máa bi í léèrè ẹja.

Mo padà lọ bá ọ̀gá yàrá ìbọn. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ìtìjú kankan sí i: ọwọ́ mi tó kéré, ìró tó ń já, ẹrù tí àwọn ènìyàn ń gbà, ọmọ mi tó wà ní Ejìnrìn. Ìbọn kékeré tirẹ̀ wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó fi tẹ ìwé ìròyìn kí fáànù má baà gbé e lọ. Ó ní ẹ̀yin obìnrin, gbogbo nǹkan lẹ máa ń sọ di ọ̀rọ̀ ilé ọkọ. Mo jáde kí n má baà sọ ohun tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Odindi ọdún kan ni ọmọ mi fi wà lọ́hùn-ún lẹ́yìn ìyẹn. Yúnífọ́ọ̀mù tí mo rà há mọ́ ọn kó tó wọ̀ ọ́.

Àfi ìgbà tí wọ́n já báàgì gbà lọ́wọ́ obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ní Sábó, láàárín ọ̀sán. Àwọn méjì tó wà lórí ọ̀kadà ni. Báàgì ni wọ́n rí, wọn kò mọ̀ pé ìbọn wà nínú rẹ̀. Wọ́n lé obìnrin náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá yàrá ìbọn wá pe gbogbo wa jọ, ó bínú sí wa, ó ní ta ló ní kí ẹ máa gbé ìbọn ọba sínú báàgì.

Mo dìde. Mo ní, “Ẹ̀yin ni, sà.”

Ó ní òun kò rántí. Àwọn ọkùnrin tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí wà níbẹ̀, kò sí ọ̀kan tó rántí. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, tí wọ́n kó ìbọn kékeré jáde fún àwa obìnrin. Wọn kò rà wọ́n. Wọn kò kó wọn wá láti ibì kankan. Inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ni wọ́n wà látọjọ́ yìí, láàárín gbogbo ìgbà tí ọmọ mi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan ẹja. Títí di òní, bí mo bá rántí ariwo tí kọ́kọ́rọ́ yẹn ṣe bó ṣe ń ṣí, àyà mi máa ń gbóná.

Kékeré yẹn bá ọwọ́ mi mu. Ìka mi dé ibi tó yẹ kó dé láìyí ọwọ́. Mo mú bẹ́líìtì onírọ́bà tí àwọn abiyamọ fi ń di ikùn lẹ́yìn ìbímọ, mo gbé e lọ bá ṣúmékà kan ní Ìgbògbò, mo ní kí ó rán àpò awọ mọ́ ọn. Mo ní kí awọ náà le, kí ó bo ibi tí ìka ń fà mọ́lẹ̀ pátápátá, kí aṣọ tàbí ìka kankan má lè ráyè wọ ibẹ̀. Mo ní kí téló fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ láìrán lára bùbá mi. Mo kúnlẹ̀ nínú yàrá, kò gbá mi níhà. Mo kírun, kò tì mí níkùn. Mo jókòó láàárín èrò nínú kẹ̀kẹ́, ẹni tó fara kàn mí kò mọ̀. Ohun tí mò ń bèèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ju èyí lọ.

Mo wá lọ sí Ejìnrìn. Ìyá ọkọ mi wà níwájú ilé, ó ń to ẹja yíyan sínú agbọ̀n. Mo kúnlẹ̀, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé báàgì mi fún un kó tó nawọ́. Ó gbà á. Ó gbé e sókè díẹ̀ bó ṣe máa ń gbé ẹja wò.

“Ó fúyẹ́,” ló wí. “Kí lo yọ kúrò nínú rẹ̀?”

Mo ti rò pé yóò dúpẹ́. Mo ronú kan òfin iṣẹ́, mo ronú kan ọ̀gá tí kò rántí, mo sì rí i pé kò sí ohun tó kù tí mo fẹ́ fi pa mọ́ nítorí wọn. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sí ẹnì kankan nítòsí. Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé ẹ̀gbẹ́ mi lórí bùbá.

“Ìbọn ni, mà. Iṣẹ́ tí ọba gbà mí sí nìyẹn. Òun ló wà nínú báàgì látọjọ́ yìí.”

Ó fi ọwọ́ tẹ ibẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ó mí kanlẹ̀, ó sì jókòó sórí àpótí.

“Ìbọn lásán?” ló wí. “Mo ti rò pé oògùn ni.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó fi etí ìró nu ún, ó ní òun kò sùn dáadáa láti ọdún tó kọjá, pé ìbọn lásán ni òun fi ń gba ààwẹ̀. Ó ní òun kò ní sọ fún ẹnì kankan, mo sì gbà á gbọ́. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín, àmọ́ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ni mò ń rò. Ó dá báàgì mi padà fún mi, ó na ọrùn sẹ́nu ọ̀nà, ó ké sí ọmọ náà pé kó jáde wá, ìyá rẹ̀ ti dé, kó lọ kó aṣọ rẹ̀ jọ.

Ọmọ mi jáde. Ó ti ga. Ó kúnlẹ̀ ní gbangba ìta, eékún méjèèjì lórí ilẹ̀, ó tẹ orí ba bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, mà.” Ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sí báàgì mi. “Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e, mà.”

Mo fi sílẹ̀ fún un. Ó rọra gbé e wọlé, ó sì gbé e lé orí àga tó wà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, níbi tí wọ́n máa ń gbé ẹrù àlejò sí.